Iyanrìn Ló Ni Àwọ̀

Kò sẹ́ni tó ń wo àlàfo àárín òkúta nígbà tó bá pé. Àlejò á wọ ẹ̀yìnkùlé, á ní òkúta yìí mà dára o, á béèrè iye tí wọ́n rà á, á fa àga, á jókòó. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún àlàfo náà dí, tí àwọ̀ tuntun kò bá ti àtijọ́ mu, ojú gbogbo èèyàn á kúrò lára òkúta, á lọ síbẹ̀. Mo ti rí i ní ẹ̀yìnkùlé púpọ̀ ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ní Peckham, ní Abbey Wood, ní Thamesmead, níbi tí àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ sí: òkúta pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú tó fara balẹ̀, ilà símẹ́ǹtì tó ti ṣú láàárín wọn, lẹ́yìn náà ni ilà funfun kan á ṣàdédé yọ, á ti ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná gùn dé ìdí ọgbà. Iṣẹ́ náà lè yi dáadáa, kí omi má gba ibẹ̀ wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, ní àràárọ̀ tí onílé bá ń po tíì lójú fèrèsé, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí nìyẹn, inú rẹ̀ kò sì ní dùn. Àwọn kan á ní afẹ́ lásán ni. Èmi kò gbà. Ẹni tó tún nǹkan ṣe tí kò wo àwọ̀ rẹ̀ kò tíì wo nǹkan náà rárá.

Bí símẹ́ǹtì àárín òkúta ṣe ń jáde kò ṣòroó mọ̀. Òjò á wọ ojú tó là, òtútù òru á sọ omi náà di yìnyín, yìnyín sì máa ń fẹ̀ ju omi tó ti wá lọ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ti símẹ́ǹtì kúrò lára òkúta ní gbogbo ìgbà òtútù, díẹ̀ díẹ̀, títí koríko á fi rí ibi ta gbòǹgbò sí. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ alágbára tú omi sílẹ̀ láti fọ òkúta ń bá a parí iṣẹ́ náà. Títún un ṣe kò ní ìlànà gígùn: a ó gbẹ́ èyí tó ti kú jáde kí ihò náà lè jìn tó ìlọ́po 2 ìbú rẹ̀, ó kéré tán, a ó gbá ekuru kúrò, a ó fi omi wọ́n ẹ̀gbẹ́ òkúta, a ó ki tuntun bọ̀ ọ́ kó kún dénú. Èyí tí wọ́n kàn fi bo ojú kì í pẹ́ ṣí. Ọwọ́ tó mọ èyí ṣe pọ̀ nígboro. Àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn kì í kà sí.

Ilé ìtajà ni èèyàn sábà máa ń lọ wá àwọ̀ sí. Wọ́n á gbé àpò símẹ́ǹtì kan wò, wọ́n á gbé èkejì, wọ́n á wo àwọn ike ìyẹ̀fun àwọ̀ tó tò lórí pẹpẹ. Iyanrìn tó wà níta nínú òjò, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀, nínú àpòpọ̀ tí a sábà ń lò fún àlàfo ilẹ̀, iyanrìn 4 sí símẹ́ǹtì 1, ìdá 4 nínú 5 ni iyanrìn. Ohun tó tún ju ìyẹn lọ ni pé símẹ́ǹtì kì í dúró sójú. Nígbà tí iṣẹ́ bá ṣì jẹ́ tuntun, símẹ́ǹtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo hóró iyanrìn kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ rẹ̀ la sì ń rí. Òjò, ẹsẹ̀ àti ìgbálẹ̀ á máa họ ọ́ kúrò lọ́dọọdún. Tó bá yá, hóró iyanrìn á yọjú síta, láti ìgbà náà lọ, iyanrìn ló ni àwọ̀. Ẹni tó bá fi símẹ́ǹtì nìkan wá àwọ̀ lè rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ mu lónìí, kó wá rí i lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé tuntun ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, àtijọ́ wà lọ́tọ̀.

Iyanrìn kò sì jọra. Ẹni tó bá ti kọ́lé ní Èkó mọ̀ pé èyí tí wọ́n ń wà láti inú ọ̀sà máa ń funfun, nígbà tí èyí tí wọ́n wà ní ilẹ̀ òkè lè pupa débi pé á kun ọwọ́. Irin inú ilẹ̀ ló fà á. Irin kan náà tó sọ ilẹ̀ Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta di pupa náà ló wà nínú iyanrìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ń jẹ́ àwọ̀ ìyeyè níbì kan, àwọ̀ ilẹ̀ níbòmíràn. Ní Leighton Buzzard, ní Bedfordshire, níbi tí wọ́n ti ń wa iyanrìn tipẹ́tipẹ́, a lè rí èyí tó funfun láú, kí a sì rí èyí tó dà bíi pé wọ́n po ilẹ̀ mọ́ ọn, ní agbègbè kan náà. Bí ọlọ́jà bá pe méjì ní iyanrìn rírọ̀, orúkọ tó kan hóró kíkúnná nìyẹn, kò kan àwọ̀. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ ká bi ọlọ́jà ni: kòtò wo ni wọ́n ti wà á? Àwọn tó mọṣẹ́ lára wọn máa ń mọ̀ ọ́n, inú wọn á sì dùn pé ẹnìkan tún béèrè.

Símẹ́ǹtì gan-an, irin náà ló jẹ́ kó ní àwọ̀ eérú. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe símẹ́ǹtì funfun, òkúta ẹfun àti amọ̀ tí irin inú wọn kéré jọjọ ni wọ́n máa ń ṣà sun. Nígbà tí Joseph Aspdin, bíríkìlà ará Leeds, gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ní 1824 fún símẹ́ǹtì tó ṣe, Portland ló sọ ọ́, nítorí pé tó bá gbẹ tán, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti òkúta tí wọ́n ń wà ní erékùṣù Portland ní Dorset, irú òkúta tí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù. Irú símẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì tó wà ní Ewékorò ti ń ṣe láti 1960, òun ló kún ògiri àti ilẹ̀ ilé bàbá wa. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni símẹ́ǹtì ti ń gbìyànjú láti jọ ohun mìíràn, bíríkìlà ló sì kọ́kọ́ ní kó jọ ọ́.

Bíríkìlà tó kọ́ mi bí a ṣe ń wo àwọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ó ti ń rẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, ó ti di àgbà báyìí, Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Alhaja kan ní Thamesmead ló ránṣẹ́ pè é nígbà kan pé kó wá bá òun dí àlàfo ẹ̀yìnkùlé òun. Òkúta Íńdíà ni wọ́n fi tẹ́ ibẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kó wá láti Rajasthan, aláwọ̀ eérú tí ìyeyè díẹ̀díẹ̀ wà lára rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n fẹ́ sọmọ lórúkọ níbẹ̀, àlejò ń bọ̀ láti Manchester àti láti Ìbàdàn. Alhaja tọ́ka sí ilà símẹ́ǹtì tó kù, èyí tí kò tíì jáde, tó ti dúdú tán.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá èyí tó máa bá eléyìí mu rẹ́gí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé a ṣe nǹkan kan níbí.”

Bàbá kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ọ̀kan nínú àwọn tó ti jáde, ó gbé e lé orí bíríkì, ó fi òòlù là á sí méjì, ó sì gbé ìlàjì kan fún un.

“Alhaja, ẹ wo inú rẹ̀.”

Òkè dúdú. Inú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó ní ìyeyè, ó mọ́.

“Èyí tí ẹ ń wò lókè yẹn,” Bàbá ní, “kì í ṣe símẹ́ǹtì mọ́. Ìdọ̀tí ni, ewédò ni, èéfín mọ́tò ni, òróró tí ẹ fi ń din ẹran níta ni. Inú yìí ni ẹni tó ṣe é fi sílẹ̀ fún yín. Òun lèmi máa bá mu.”

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀yìnkùlé mọ̀ nìyẹn, mo sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè. Àwọ̀ méjì ló wà lára símẹ́ǹtì àtijọ́. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n pò, èkejì ni èyí tí ọdún kó lé e. Tí a bá bá òkè mu, a ti po ogójì ìgbà òjò mọ́ iṣẹ́ tí kò tíì rí òjò kan. Òjò tiẹ̀ náà á sì dé. Ewédò á wá, èéfín á wá, àwọn náà á tún kó dúdú tiwọn lé dúdú tí a ti fọwọ́ ara wa pò. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tuntun á ti dúdú ju àtijọ́ lọ, àbùkù tí a sá fún á tún padà wá láti òdìkejì, kò sì sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ kúrò, nítorí pé inú ló wà. Ṣùgbọ́n tí a bá bá inú mu, ohun tí ọdún ṣe fún àtijọ́ náà ló máa ṣe fún tuntun. Àwọn méjèèjì á pàdé níwájú.

Bàbá kó ìlàjì kejì sínú ọ̀rá, ó fi òòlù fọ́ ọ títí ó fi kúnná, ó dà á sínú àwo funfun, ó bu omi sí i, ó ń rọra yí i, ó ń da omi eléérú nù, ó tún ń bu òmíràn. Bó ti ń ṣe é lọ, hóró iyanrìn ń yọ sísàlẹ̀ àwo. Ó gbé e sínú oòrùn, ó wọ awò rẹ̀. Ìyeyè pọ̀ nínú rẹ̀, díẹ̀ ń tàn yanran, hóró dúdú kéékèèké wà níbẹ̀ tí èèyàn lè kà. Ó ní iyanrìn rírọ̀ àti iyanrìn líle ni wọ́n pò pọ̀. Mo bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní kí n fi ìka mi tẹ̀ ẹ́. Lóòótọ́, àwọn kan ń gún ọwọ́, àwọn kan rọ̀. Àwọn tó ń tún ilé àtijọ́ ṣe nílẹ̀ yìí máa ń gbé irú iṣẹ́ yìí lọ sí yàrá ìwádìí, wọ́n á fi èròjà olómi kíkan yọ́ ẹfun tó so iyanrìn pọ̀ kí iyanrìn nìkan lè kù, wọ́n á wá fi asẹ́ oríṣiríṣi jọ̀ ọ́. Ohun kan náà ni àwo funfun àti oòrùn Thamesmead ṣe fún wa lọ́jọ́ yẹn.

A lọ sí ilé ìtajà ohun èlò ìkọ́lé tó ju ọ̀kan lọ, a bu iyanrìn díẹ̀díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Alhaja rò pé ọjọ́ kejì la máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá po ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà, ṣíbí iyanrìn 4 sí ṣíbí símẹ́ǹtì 1, ó tẹ́ wọn lé orí àfọ́kù òkúta ẹ̀yìnkùlé náà, ó fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó gbé wọn síta níbi tí oòrùn àti atẹ́gùn ti ń bá ilẹ̀ yòókù. Ó ní ó di ìgbà tí wọ́n bá gbẹ.

Ìdúró yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè fara dà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Símẹ́ǹtì tútù máa ń dúdú ju gbígbẹ lọ púpọ̀, nítorí pé omi tó dí ihò wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀ kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tú ká bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá fi tútù wé àtijọ́ tó gbẹ, tó rí i pé wọ́n mu, ti ṣetán láti rí ilà funfun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbígbẹ nìkan kọ́. Símẹ́ǹtì máa ń yi sí i fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ọjọ́ 28 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń díwọ̀n agbára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ náà ṣì ń funfun sí i ní gbogbo àkókò yìí. Bàbá kì í dúró fún ọjọ́ 28 lórí iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n kì í yan àwọ̀ kankan kó tó di pé èékánná òun kò lè họ ojú rẹ̀ mọ́.

Ìkankan nínú àwọn tó wà lórí òkúta kò mu. Ọ̀kan pọ́n jù, ọ̀kan funfun jù. Bàbá po iyanrìn méjì pọ̀, ó tún tẹ́ tuntun. Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Mo fẹ́ sọ díẹ̀ nípa ọwọ́, nítorí pé àwọn èèyàn máa ń rò pé tí iyanrìn bá ti tọ̀nà, ó ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Garawa kan náà lè jáde ní àwọ̀ méjì lára ilẹ̀ kan ṣoṣo. Tí omi bá pọ̀ nínú èyí tí a pò lọ́sàn-án ju ti àárọ̀ lọ, ti ọ̀sán á funfun jù. Tí a bá ń fi irin rẹ́ ojú rẹ̀ nígbà tó ṣì rọ̀, símẹ́ǹtì kíkúnná àti omi á gòkè, á funfun. Tí a bá pẹ́ jù kí a tó fi irin rẹ́ ẹ, tó ti ń le, irin náà á kun ún dúdú, á máa dán, àwọn bíríkìlà mọ àmì yẹn dáadáa. Òkúta tí a kò wọ́n lómi á fa omi inú símẹ́ǹtì mu kíákíá, èyí tí a wọ́n kò ní fà á tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí òjìji fẹ́ǹsì bò kò ní gbẹ bí ibi tí oòrùn ń pa. Tí ojú ọjọ́ bá tutù dé ìwọ̀n Celsius 5 sísàlẹ̀, kí a fi iṣẹ́ sílẹ̀ ló dára jù. Nítorí náà ni Bàbá ṣe ń fi ike kan náà wọn iyanrìn, símẹ́ǹtì àti omi láti àárọ̀ títí dalẹ́, kì í fi ṣọ́bìrì wọ̀n ọ́n, ó sì máa ń ti ìka bọ àlàfo kọ̀ọ̀kan kó tó gbé irin lé e. Tí ìka bá wọlé, kò tíì tó. Tí ìka bá fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ láìsí pé símẹ́ǹtì lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti tó. Mo ti rí i tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ mu tíì torí pé àlàfo kò tíì gbà, tí onílé sì rò pé ọ̀lẹ ni.

Nǹkan funfun tún wà tó máa ń ru jáde lójú símẹ́ǹtì tuntun. Omi tó ń jáde ló ń gbé ẹfun inú rẹ̀ wá sókè, atẹ́gùn á sì sọ ọ́ di funfun gan-gan. Iyanrìn òkun tí wọ́n kò fọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò náà máa ń ru. Òjò sábà máa ń gbé e lọ bó bá pẹ́. Àìní sùúrù ló ń sún àwọn èèyàn dédìí ásíìdì. Àwọn tó ń ta á máa ń kọ sára ike pé ó ń fọ símẹ́ǹtì kúrò lára bíríkì. Ṣùgbọ́n òkúta Íńdíà àti òkúta York ní irin nínú, ásíìdì máa ń yọ irin náà wá síta, á sì fi àbàwọ́n ìpẹtà sílẹ̀ tí kò ní lọ mọ́. Mo ti rí ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n fi èyí bàjẹ́ pátápátá, ó ṣì ń dùn mí.

Alhaja wá mú ike ìyẹ̀fun dúdú kan wá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló bá a rà á. Irú ìyẹ̀fun yìí, ìpẹtà irin ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, pupa, ìyeyè tàbí dúdú, kì í sì í ṣá lójú oòrùn. Ohun tó dára ni tí a bá lò ó níbi tó yẹ. A kì í jẹ́ kó ju ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n símẹ́ǹtì lọ, nítorí pé tó bá pọ̀ jù, símẹ́ǹtì kò ní lágbára mọ́. Èmi náà ti rí iṣẹ́ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ìyeyè díẹ̀ gbé iyanrìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mu dé ibi tó yẹ, ó dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí Alhaja fẹ́ nìyẹn. Ó fẹ́ kí tuntun dúdú bí òkè àtijọ́ kí àlejò tó dé.

“Ọmọ tuntun la fẹ́ sọ lórúkọ, Alhaja,” Bàbá ní. “A kì í kun ewú sí i lórí kó lè jọ bàbá rẹ̀ àgbà.”

Alhaja rẹ́rìn-ín títí, ó gbé ike náà padà sínú ilé. Ṣùgbọ́n kò tíì gbà. Ó ní tí ojú bá wá ti òun lójú àwọn ará Manchester ńkọ́? Bàbá ní kó jẹ́ kí àwọn fọ gbogbo ilẹ̀ náà, kí àwọn fi búrọ́ọ̀ṣì líle àti omi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí tó wà lórí àlàfo àtijọ́, kí àtijọ́ lè sún mọ́ tuntun díẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn, láìlo ẹ̀rọ. Ilà àtijọ́ kò di ìyeyè, ṣùgbọ́n dúdú rẹ̀ rọ̀.

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ilà tuntun tí Bàbá fi àpòpọ̀ iyanrìn méjì náà dí hàn kedere láàárín àwọn yòókù, kí n má purọ́. Obìnrin kan tó wọ gèlè aláwọ̀ ewé tẹ̀ ẹ́ ní ẹsẹ̀, ó béèrè pé ṣé wọ́n tún ibí ṣe ni. Alhaja fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn. Ó ní, “Àwọ̀ inú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn tó kù ló ti dọ̀tí.” Bàbá wà níbẹ̀ tó ń jẹ ìrẹsì, kò gbé orí sókè.

Ọ̀rọ̀ bóyá kí àtúnṣe fara pa mọ́ tàbí kó hàn, àríyànjiyàn tó ti pẹ́ nílẹ̀ yìí ni. Ní 1877, William Morris àti Philip Webb àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti dáàbò bo ilé àtijọ́, nítorí pé inú ń bí wọn sí àwọn tó ń họ ara ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kúrò láti sọ ọ́ di tuntun tó ń díbọ́n bí àtijọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà máa ń fi amọ̀ sísun pẹlẹbẹ dí ibi tí òkúta ti jẹrà, kí ẹni tó bá rí i lè mọ̀ pé àtúnṣe ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ilé àtijọ́ pàdé ní Fẹ́nísì ní 1964, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí a bá fi dípò èyí tó sọnù gbọ́dọ̀ bá gbogbo ilé náà lọ, síbẹ̀ kí a lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ẹ̀yìnkùlé Thamesmead kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, kò sẹ́ni tó máa kọ ìtàn rẹ̀. Àmọ́ mo rò pé ọ̀nà Bàbá gbé ìhà méjèèjì tí wọ́n fẹ́ ní Fẹ́nísì. Iyanrìn kan náà ló jẹ́ kó bá a lọ. Tuntun tó jẹ́ tuntun ló jẹ́ kí a dá a mọ̀. Kò díbọ́n ọjọ́ orí tí kò ní.

Mo máa ń rántí ilẹ̀ àpáàdì Ilé-Ifẹ̀ tí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún tí àwọn baba wa ti fọ́ ìkòkò, tí wọ́n to àfọ́kù rẹ̀ ní ìdúró, etí sókè, ní ilà tó ń forí kora, tí wọ́n sì to òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín rẹ̀ níbòmíràn. Irú rẹ̀ wà lára ohun tí awalẹ̀pìtàn Frank Willett hú jáde ní Ìta Yemòó ní Ifẹ̀ láti 1957. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ló pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ ìlú bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Àpáàdì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀ bí iná ṣe sun ìkòkò tó ti wá: èyí pọ́n, èyí dúdú, èyí rí bí eérú. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú wọn jọra. Síbẹ̀ ojú kì í kọsẹ̀ lára ilẹ̀ náà, torí pé amọ̀ ni gbogbo wọn, ẹsẹ̀ kan náà ló tẹ̀ wọ́n, òjò kan náà ló fọ̀ wọ́n. Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé ohun tó ń mú kí àwọ̀ bára mu kò parí sí bó ṣe rí lónìí. Bí ohun náà ṣe máa gbó wà níbẹ̀. Símẹ́ǹtì tí a fi iyanrìn mìíràn àti ìyẹ̀fun pò lè jọ àtijọ́ lójú, ṣùgbọ́n kò ní gbó bíi tirẹ̀.

Ibì kan wà tí mi ò ti ní bá àwọn tó ń dí ihò kọ̀ọ̀kan gbà. Tí símẹ́ǹtì tó ti jáde bá ju ìdajì lọ, tí kòtò iyanrìn àtijọ́ sì ti kú tí a kò rí irú rẹ̀ mọ́, ó sàn kí a gbẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò láti etí kan dé èkejì, kí a ṣe gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ kan. Tí owó kò bá tó, kí a wá ibi tí ojú ti lè dúró: ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, igun ògiri, ibi tí òkúta ti yí ọ̀nà padà. Kí a ṣe é dé ibẹ̀, kí a dúró. Àyípadà àwọ̀ tó bọ́ sí igun kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àmì kéékèèké tó fọ́n káàkiri ló ń yọni lẹ́nu. Àwọn tó ń fi wàrà kíkan tàbí omi tíì kun tuntun kó lè tètè hu ewédò, mi ò ní bá wọn jà, òjò á fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ṣe é.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ní gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ni pé kò sí onílé kan tó mọ orúkọ iyanrìn ilé rẹ̀. Wọ́n ní ìwé ẹ̀rọ tó ń gbóná omi, wọ́n ní ìwé fèrèsé, wọ́n mọ nọ́ńbà ọ̀dà tí wọ́n fi kun pálọ̀. Iyanrìn tó gbé àwọ̀ gbogbo ilẹ̀ wọn dání, kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Gbogbo wàhálà àwo funfun àti pẹ́ńsù tí mo sọ lókè yìí, ìlà méjì lórí bébà ì bá ti gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá gba owó rẹ̀ tán lọ́wọ́ Alhaja, ó yí rìsíìtì náà padà, ó kọ orúkọ kòtò iyanrìn méjèèjì sẹ́yìn rẹ̀, ó kọ ìwọ̀n tó fi pò wọ́n, iyanrìn 4 sí símẹ́ǹtì 1, símẹ́ǹtì aláwọ̀ eérú, kò sí ìyẹ̀fun kankan nínú rẹ̀, oṣù àti ọdún.

“Bàbá, níbo ni kí n fi sí?”

“Ẹ fi sáàárín ìwé ilé, Alhaja. Iyanrìn tó ṣẹ́kù wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì, mo ti di ẹnu ọ̀rá rẹ̀. Ilà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì lọ́hùn-ún náà ti ń là, ẹ máa nílò rẹ̀.”